Láti Belém dé Lagos: Ìrìn-àjò Olùkọ́ Yorùbá Kan ní Ilẹ̀ Potogí

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Òwe yìí wúlò fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ó wúlò jù fún àwa tí a fi iṣẹ́ olùkọ́ ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ohun tí olùkọ́ bá fi ojú ara rẹ̀ rí, ọ̀tọ̀ ni bí ó ṣe máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀ nínú kíláàsì. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bí ọ̀nà bá ṣí, tí owó bá sì wà, kí olùkọ́ fi ìsinmi rẹ̀ lọ wo oko ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, mo lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ilẹ̀ Potogí. Nígbà tí mo sọ ibi tí mo ń lọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀kan nínú wọn bi mí ní ìbéèrè kan tí kò ṣeé fi ẹ̀rín dáhùn. Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, nínú gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù, ilẹ̀ àwọn òyìnbó tí wọ́n kọ́kọ́ wá ra ènìyàn ní etíkun wa ni ẹ fẹ́ fi owó yín lọ wò?’ Èrò tèmi ni pé ilẹ̀ Potogí yẹ ní bíbẹ̀wò, pàápàá fún ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ẹwà ibẹ̀ láì wo ohun tí wọ́n ná kí ẹwà náà tó wáyé, ìdajì ilẹ̀ náà ni ó rí. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti mú òǹkàwé dé àwọn ibi tí mo rò pé ó yẹ kí ó dé, kí ó sì fi ìdajì méjèèjì hàn án.

Ilẹ̀ kékeré ni ilẹ̀ Potogí. Sípéènì ni ó wà ní àríwá àti ìlà-oòrùn rẹ̀. Òkun Àtìláńtíìkì ni ó gba ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù. Ọdún 1143 ni wọ́n gbà fún Afonso Henriques pé ọba aládàáni ni, ààlà tí wọ́n sì fọwọ́ sí pẹ̀lú àwọn aládùúgbò wọn ní ọdún 1297 kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà títí di òní. Ìṣèjọba ọba parí níbẹ̀ ní ọdún 1910. Ìjọba amúnisìn tí ó tẹ àwọn ará ìlú lórí ba fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà dópin ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1974. Àwọn atukọ̀ wọn ni òyìnbó àkọ́kọ́ tí ó fi ọkọ̀ ojú omi dé etíkun wa ní sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún.

Lisbon, Ìlú Tí Ilẹ̀ Rẹ̀ Mì

Orí òkè lóríṣiríṣi ni wọ́n tẹ Lisbon, olú-ìlú wọn, dó sí, létí odò Tejo, níbi tí odò náà ti ń wọ òkun. Ẹsẹ̀ ni a fi ń mọ ìlú náà. Àdúgbò tí mo kọ́kọ́ rìn ni Alfama, ní ìsàlẹ̀ ilé olódi São Jorge. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ó lọ́, ó sì kún fún àtẹ̀gùn. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń sá aṣọ sí, láti ojú fèrèsé náà ni àwọn ìyá àgbà sì ti ń kí ara wọn. Inú èdè Lárúbáwá ni orúkọ Alfama ti wá, nítorí pé àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ti àríwá Áfíríkà wá ni ó ń ṣàkóso ibẹ̀ kí Afonso Henriques tó gba ìlú náà ní ọdún 1147. Onímọ̀ èdè kò ní í ṣàì fi etí sí èyí. ‘Al’ tí ó bẹ̀rẹ̀ Alfama ni ó bẹ̀rẹ̀ almofada, tí í ṣe tìmùtìmù lédè wọn. Òun náà ni ó wà nínú àlùbọ́sà àti àlàáfíà tí àwa pẹ̀lú yá láti inú èdè Lárúbáwá. Kí àwa àti àwọn Potogí tó mọ ara wa rárá, a ti jọ ń ra ọjà ní ìsọ̀ kan náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1755, tí í ṣe Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ mì tìtì ní Lisbon. Lẹ́yìn èyí ni omi òkun ru wọ ìlú, iná sì jó èyí tí ilẹ̀ àti omi ṣẹ́ kù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Mínísítà ọba, ẹni tí ìtàn mọ̀ sí Marquês de Pombal, ni ó darí títún ìlú náà kọ́. Ní àsìkò rẹ̀ ni wọ́n la àwọn títì gbọọrọ tí a ń rí ní àdúgbò Baixa títí di òní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wó ni wọ́n tún kọ́ tán. Ṣọ́ọ̀ṣì Carmo ṣì wà láìlórùlé. Àwọn òpó rẹ̀ dúró sínú òfuurufú, koríko sì hù sí ibi tí àwọn olùjọsìn ti ń kúnlẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo dúró níbẹ̀, mo ń ronú nípa bí àwa ṣe máa ń ṣe sí àlàpà tiwa. Bí ilé àtijọ́ bá ti wó ní ìhà kan, ohun tí ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni bí a ó ṣe wó èyí tí ó kù. Àwọn ará Lisbon fi àlàpà kan sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìtàn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìlú náà ti rí kí ilẹ̀ tó mì, kí ó lọ sí Museu Nacional do Azulejo, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó jẹ́ ti táìlì nìkan. Inú ilé àwọn sísítà ìjọ Àgùdà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1509, ni ó wà. Iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn Potogí fi ń yangàn ni táìlì. A ń rí i lára ilé, lára ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ibùdókọ̀ ojú irin. Àwòrán Lisbon kan wà nínú ilé náà lórí táìlì aláwọ̀ búlúù àti funfun, tí ó gùn tó nǹkan bí mítà 23. Ó fi gbogbo etí odò hàn bí ó ti rí ṣáájú ọdún 1755, láti ààfin dé ilé apẹja.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìtàn ni wọ́n kọ sára táìlì. Òpópónà kan wà ní Lisbon tí wọ́n ń pè ní Rua do Poço dos Negros. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Òpópónà Kòtò Àwọn Adúláwọ̀. Ní ọdún 1515, Ọba Manuel Kìíní pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn kan fún òkú àwọn ẹrú, nítorí pé ìta ni wọ́n ń ju òkú wọn sí láìsin wọ́n bó ti yẹ. Àṣẹ yìí ni wọ́n so orúkọ òpópónà náà mọ́. Ilé oúnjẹ àti ilé kọfí ni mo bá níbẹ̀. Mo rìn ín já, mo sì tún padà rìn ín láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè wọn yóò gba ibẹ̀ kọjá láìfura, nítorí orúkọ nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀.

Belém: Atukọ̀ àti Akéwì

Ibi tí àwọn àlejò máa ń rọ́ lọ jù ní Lisbon ni Belém. Láti etí odò níbẹ̀ ni Vasco da Gama ti ṣíkọ̀ ní ọdún 1497, tí ó fi ọkọ̀ yí Áfíríkà po títí ó fi dé Íńdíà ní ọdún 1498. Ilé ìṣọ́ Belém, tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 1519, dúró létí omi bí ẹ̀ṣọ́ tí kò sùn. Ní òdìkejì títì ni ilé àwọn mọ́ńkì tí wọ́n ń pè ní Jerónimos wà. Ọdún 1501 ni Ọba Manuel bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àjọ UNESCO kọ àwọn méjèèjì mọ́ àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní ọdún 1983. Ojú mi ti rí ilé ńlá rí, ṣùgbọ́n èmi kò tí ì rí ibi tí wọ́n ti fín òkúta bí wọ́n ti fín in ní Jerónimos. Bí ẹni tí ń fín igbá ni wọ́n ṣe fín in: okùn ọkọ̀ wà níbẹ̀, ewé wà níbẹ̀, ohun abẹ̀mí inú òkun wà níbẹ̀, òpó kan kò sì jọ èkejì rẹ̀.

Níbo ni owó rẹ̀ ti wá? Wọ́n ń gba owó orí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí òwò tí ó ń ti Áfíríkà àti Ìlà-oòrùn wọlé, owó yìí sì ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ata àti àwọn èròjà ọbẹ̀ láti Íńdíà wà nínú òwò yẹn. Wúrà wà nínú rẹ̀. Ènìyàn náà wà nínú rẹ̀. Mo ka èyí nínú ìwé kí n tó kúrò nílé. Nígbà tí mo fi ọwọ́ kan òpó náà ni ó tó wọ̀ mí lára.

Bí a bá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì Jerónimos, ibojì méjì ni yóò kọ́kọ́ pàdé wa. Ti Vasco da Gama wà ní apá kan, ti Luís de Camões sì wà ní apá kejì. Akéwì ni Camões. Òun ni ó kọ Os Lusíadas, ewì gígùn tí ó jáde ní ọdún 1572, tí ó dá lórí ìrìn-àjò da Gama. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1580 ni ó kú, ọjọ́ ikú rẹ̀ yìí sì ni àwọn Potogí fi ṣe ọjọ́ orílẹ̀-èdè wọn. Mo jókòó pẹ́ níwájú ibojì yìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń sọ fún wa pé àwọn ará ilé wọn ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò fi Yorùbá ṣe. Orílẹ̀-èdè kan rèé tí ó ní ọba, tí ó ní jagunjagun, tí ó sì ní atukọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Akéwì ni ó yàn láti fi sọrí ọjọ́ ayẹyẹ rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí kò bá sí ẹni tí ó fi èdè wọn kọ ọ́, ìrìn-àjò atukọ̀ ì bá ti bá omi lọ.

Ní etí odò, kò jìnnà síbẹ̀, ọwọ̀n ìrántí àwọn awalẹ̀-ayé wà, tí wọ́n ń pè ní Padrão dos Descobrimentos. Ọdún 1960 ni wọ́n fi òkúta kọ́ èyí tí ó wà níbẹ̀ báyìí. Gíga rẹ̀ ju mítà 50 lọ, ó sì rí bí iwájú ọkọ̀ ojú omi. Ère Ọmọba Henrique ni ó ṣáájú. Àwọn atukọ̀, àlùfáà, akéwì àti ayàwòrán tò tẹ̀ lé e, obìnrin kan ṣoṣo sì wà láàrin wọn. Mo wo ojú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ojú ẹni tí wọ́n kó níbẹ̀.

Coimbra àti Évora: Ilé Ìwé àti Ìwé

Kò sí olùkọ́ tí yóò dé ilẹ̀ Potogí tí kò ní í fẹ́ dé Coimbra, tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 200 sí Lisbon ní apá àríwá. Lisbon ni wọ́n ti dá yunifásítì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1290. Ó ṣí lọ ṣí bọ̀ láàrin ìlú méjèèjì kí ó tó fìdí kalẹ̀ sí Coimbra ní ọdún 1537. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣì máa ń da aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ bora gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ilé ìkàwé Joanina, tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, ni ojú àlejò máa ń wá níbẹ̀. Igi tí wọ́n fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni pẹpẹ ìwé rẹ̀, àdán sì ń gbé inú rẹ̀. Lálẹ́, àwọn àdán a jáde, wọn a jẹ kòkòrò tí ì bá jẹ ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ a sì fi awọ bo tábìlì kí ìgbẹ́ wọn má bàa bà á jẹ́. Ọgbọ́n tí kò ná wọn ní owó iná mànàmáná ni, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn.

Évora wà ní ìlà-oòrùn Lisbon, ní nǹkan bí kìlómítà 130. Òpó tẹ́ḿpìlì tí àwọn ará Róòmù kọ́ ní sẹ́ńtúrì kìíní ṣì dúró ní àárín ìlú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco, yàrá àdúrà kan wà tí wọ́n fi egungun àti agbárí òkú tẹ́ ara ògiri rẹ̀, kí ẹni tí ó wà láàyè lè rántí ibi tí òun náà ń lọ. Gbogbo àlejò ni ó máa ń lọ wo àwọn méjèèjì yìí. Èmi ní ibi kẹta tí mo fẹ́ dé, èyí tí kò sí nínú ìwé afinimọ̀nà kankan tí mo ní lọ́wọ́.

Ilé ìkàwé ìlú Évora ni. Níbẹ̀ ni ọ̀kan nínú ẹ̀dà àfọwọ́kọ méjì tí ó kù nínú ìwé Esmeraldo de Situ Orbis wà. Èkejì wà ní Lisbon. Atukọ̀ ọba kan, Duarte Pacheco Pereira, ni ó kọ ìwé náà ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún láti fi ọ̀nà omi Áfíríkà han àwọn atukọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ó ti dárúkọ ìlú ńlá kan tí ó pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká. Ìjẹ̀bú ni. Ẹni tí ó bá ti rí yàrà Súngbọ́ rí kò ní í yà á lẹ́nu pé ohun tí atukọ̀ náà rántí nìyẹn. Wọn kò pọ̀, àwọn àkọsílẹ̀ òyìnbó tí ó dárúkọ ìlú Yorùbá kan ṣáájú èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Níbi tí ó ti dárúkọ ìlú náà ni ó ti sọ pé ẹrú wà ní títà níbẹ̀, pé ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ méjìlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni iye owó ẹnì kan. Ògo wa àti ìtìjú wa ni ó jọ wọ ìwé lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí ó rà wà, ẹni tí ó tà náà sì wà. Bí a bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìtàn yìí, a kò gbọdọ̀ ya ojú ewé náà sí méjì.

Sintra àti Porto: Ibi Ìgbafẹ́

Kí òǹkàwé má rò pé ìbànújẹ́ nìkan ni mo lọ wá. Sintra kò tó 30 kìlómítà sí Lisbon; ọkọ̀ ojú irin láti ibùdókọ̀ Rossio ni ó gbé mi dé ibẹ̀. Orí òkè onígbó ni, ó tutù, àwọn ọba sì máa ń sá fún ooru lọ síbẹ̀. Ààfin Pena, tí wọ́n kọ́ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún tí wọ́n sì kùn ní pupa àti ìyeyè, dà bí ààfin inú àlọ́. Ní apá àríwá orílẹ̀-èdè náà ni Porto wà, létí odò Douro. Afárá onírin Dom Luís Kìíní, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1886, ní ọ̀nà lókè àti ní ìsàlẹ̀. Táìlì bí 20,000 ni Jorge Colaço fi ya ìtàn ilẹ̀ náà sára ògiri ibùdókọ̀ ojú irin São Bento. Mo rí àwọn olùkọ́ tí wọ́n kó ọmọ ilé ìwé dúró níwájú ògiri yẹn, tí wọ́n ń fi ọ̀pá nawọ́ sí ogun àti ọba. Mo jowú wọn díẹ̀.

Lagos

Ìlú tí ó mú mi wá gan-an ni Lagos. Gúúsù pátápátá ni ó wà, ní agbègbè Algarve, ní nǹkan bí kìlómítà 300 sí Lisbon. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ lédè wọn ni adágún omi. Àwọn òpìtàn kan gbà pé nítorí ọ̀sà ni àwọn Potogí ṣe pe Èkó ní Lagos. Àwọn mìíràn gbà pé ìlú yìí ni wọ́n fi sọ ọ́. Èyí ó wù kí ó jẹ́, orúkọ kan náà ni ó wà lórí ìlú méjèèjì, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò rí i lára pátákó ojú ọ̀nà tí kò ní í rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìlú ẹlẹ́wà ni. Ní Ponta da Piedade, omi òkun ti gbẹ́ àpáta aláwọ̀ wúrà di ihò àti afárá, omi ibẹ̀ sì mọ́ débi pé a ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Santo António kún fún igi gbígbẹ́ tí wọ́n fi wúrà bò. Àwọn ènìyàn láti gbogbo Yúróòpù ń yá oòrùn ní etíkun.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1444, àwọn ọkọ̀ Lagos gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn 235 tí wọ́n kó lẹ́rú ní etíkun Áfíríkà, ní agbègbè ibi tí a mọ̀ sí Mọriténíà lónìí. Gomes Eanes de Zurara, òpìtàn ọba, ni ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ bí wọ́n ṣe kó wọn sí pápá kan ní ìta ìlú láti pín wọn. Bí wọ́n ṣe ya ọmọ kúrò lára bàbá àti aya kúrò lára ọkọ. Bí àwọn ìyá ṣe di ọmọ wọn mọ́ra tí wọ́n sì dojúbolẹ̀. Láti yin Ọmọba Henrique ni ó ṣe kọ ìwé rẹ̀. Henrique wà lórí ẹṣin níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ènìyàn yìí sì jẹ́ tirẹ̀. Síbẹ̀, òǹkọ̀wé náà kò lè pa ẹkún wọn mọ́ kúrò nínú ìyìn tí ó ń kọ.

Ní ọdún 2016, wọ́n ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan sí ilé tí àwọn ará ìlú ń pè ní Mercado de Escravos, ìyẹn Ọjà Ẹrú. Sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún ni wọ́n kọ́ ilé náà, nítorí náà òun kọ́ ni ó rí ọjọ́ yẹn ní ọdún 1444. Ilé kékeré ni. Ẹni tí ó bá ń yára lè wò ó tán láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí ó dá mi dúró nínú rẹ̀ ni ìtàn àwọn òkú Vale da Gafaria. Ní ọdún 2009, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ibi ìgbọ́kọ̀sí ní ìta odi ìlú àtijọ́, wọ́n bá egungun ènìyàn tí ó lé ní 150, tí í ṣe ọmọ Áfíríkà, níbi tí ó jẹ́ ààtàn láyé ìgbà náà. Ọmọdé wà nínú wọn. Àwọn ènìyàn tí wọ́n la òkun já, tí wọ́n sì kú kí wọ́n tó mọ orúkọ ibi tí wọ́n dé.

Ní gbàgede tí ilé náà wà ni wọ́n gbé ère Ọmọba Henrique sí, tí ó jókòó. Mo jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń jẹ áísíkiriìmù, àwọn òbí wọn ń ya fọ́tò. Níbẹ̀ ni mo ti mọ ìdáhùn tí n ó fún ẹlẹgbẹ́ mi. Yorùbá ní ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Bí àwa tí ọ̀rọ̀ kàn kò bá lọ, ta ni yóò dúró ní gbàgede yẹn tí yóò mọ ohun tí òun ń wò? Kì í ṣe Yorùbá ni àwọn 235 yẹn, ó sì yẹ kí olùkọ́ sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Ẹ̀yìn wọn pátápátá ni wọ́n tó kó tiwa ní ọ̀pọ̀ yanturu, pàápàá ní ìdajì àkọ́kọ́ sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, lọ sí Bahia ní Bràsíìlì àti sí Kúbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n là ní pápá Lagos ni a gbà kó wọn.

Orúkọ Potogí Nínú Ilé Wa

Ọ̀dọ̀ ọmọ Yorùbá kan tí ó ti pẹ́ ní Lisbon ni mo dé sí. Bùọ̀dá ni mo ń pè é. Ní ọjọ́ kan tí a jọ ń rìn, mo rí orúkọ kan lára pátákó oníṣègùn eyín: Silva. Mo dúró. Ìyá ìyá mi, ọmọ Pópó Àgùdà ní Èkó, da Silva ni orúkọ bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Bùọ̀dá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Àbúrò, orúkọ tí ó wọ́pọ̀ jù nìyẹn níbí. Bí o bá ní o fẹ́ kí gbogbo wọn bí ẹbí, ilẹ̀ á ṣú bá ọ lọ́nà.’

Ẹbí kọ́ ni wọ́n. Ní Bràsíìlì, orúkọ ìrìbọmi ni wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá rà, ọ̀pọ̀ a sì jẹ́ orúkọ ìdílé ọ̀gá wọn. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí Yorùbá àti ẹgbẹ́ wọn ní Salvador ní ọdún 1835, àwọn tí ó ti gba òmìnira bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé ní ọ̀pọ̀. Wọ́n gbé orúkọ yìí dé Èkó, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú etíkun mìíràn. Láti inú irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ilé ìyá mi ti wá. Ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere, wọn a se ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn pò, wọn a pè é ní frejon. Feijão ni àwọn Potogí ń pe ẹ̀wà. Àwa náà sì fún wọn ní tiwa. Orixá, axé àti acarajé ti wọ èdè wọn, òrìṣà, àṣẹ àti àkàrà sì ni gbogbo wọn. Bí mo ti dúró níwájú pátákó oníṣègùn eyín yẹn, n kò mọ̀ bóyá kí n bínú tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí a fi ṣe àmì ohun ìní sí bàbá ńlá mi lára ni ìyá ìyá mi fi ń yangàn títí ó fi wọ káà ilẹ̀. Ó ti sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Yóò Lọ

Físà Schengen ni a ń gbà, owó yúrò ni wọ́n ń ná. Bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú ni kí ènìyàn wọ̀, nítorí pé òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Kí a máa kí wọn, nítorí wọ́n fẹ́ràn ìkíni bíi tiwa: ‘bom dia’ ni ẹ káàárọ̀, ọkùnrin a dúpẹ́ pẹ̀lú ‘obrigado’, obìnrin a ní ‘obrigada’. Fáwẹ̀lì àránmúpè tí ó wà nínú São àti pão kò ní í ṣòro fún ẹnu Yorùbá. Bí ọjọ́ kò bá tó láti dé gbogbo ibi tí mo dárúkọ, kí a rí i pé a dé Belém, kí a sì rí i pé a dé Lagos. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan láìrí èkejì kò ì tí ì gbọ́ ìtàn náà tán.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìlú máa ń fi ohun tí ó fẹ́ràn hàn lórí ọwọ̀n gíga, a sì máa fi ohun tí ó ń tijú rẹ̀ pamọ́ sínú orúkọ òpópónà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti kọ́ ọmọ bí a ti ń ka méjèèjì. A kò ní láti dúró de físà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àgbádárìgì wà nítòsí, Pópó Àgùdà wà ní Èkó, yàrà Súngbọ́ sì wà ní Ìjẹ̀bú. Láti ìgbà tí mo ti dé, iṣẹ́ àṣetiléwá àkọ́kọ́ tí mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni pé kí oníkálukú yan òpópónà tàbí agboolé kan ní ìlú rẹ̀, kí ó bi àgbàlagbà mẹ́ta léèrè bí ó ṣe gba orúkọ rẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, láìyọ apá tí ó korò kúrò. Ìwé àjákọ mẹ́rin ni ó ti kún báyìí. Inú mi yóò dùn bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn bá lè bẹ̀rẹ̀ tiwọn.